Epo Mẹ́ta, Ẹnu Méjì

Ẹ̀yin ará, kí n tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ bá mi ka ìka ọwọ́ mi. Ẹ má wulẹ̀ máa wojú mi, ìka ni mo ní kí ẹ kà. Ó di mélòó? Mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá kà á ní mẹ́wàá, kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ẹkùn ló jẹ ìka ìyókù, àwọn mìíràn ní ìbọn ló bẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹkùn kẹ̀? Ẹkùn tó bá rí mi lọ́nà, yíyà ló ń yà fún mi. Ìbọn kẹ̀? Ìbọn tí mo bá fi ọwọ́ ara mi kì, ibi tí mo bá rán an ló ń lọ. Èmi Ọdẹ́tóyìnbó, ọmọ arìn-nínú-ìrì-bí-ẹni-ń-rìn-ní-yàrá, ohun tó gba ìka mi kò ní ẹsẹ̀, kò ní ojú, àmọ́ eyín rẹ̀ ju ti ẹkùn lọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó yáa sùn báyìí. Bí mo bá dé àárín ọ̀rọ̀, oorun kò ní í rí àyè jókòó.

Ẹ wo Àwẹ̀ró ìyàwó mi níbẹ̀ yẹn tó ń bó ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ru kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, ó ń gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì igbó. Òjò ká a mọ́ ọ̀nà. Àràbà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó yàrá. Àwẹ̀ró yà síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Bó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni àràbà pa ẹnu dé. Ihò kan ṣoṣo ló kù, kò ju ẹnu igbá lọ.

Inú oko ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe rẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ gbà mí o! Igi ti gbé mi mì!"

Mo sáré débẹ̀, mo fi àdá bẹ igi náà, àdá ṣẹ́ sí méjì. Mo fi àáké lé e, ẹnu àáké ká kò bí ewé tó sún mọ́ iná. Nígbà náà ni àràbà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀:

"Ọdẹ, sinmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wà láyé ni inú mi ti ṣófo. Gbogbo igi ló ní ọkàn, èmi nìkan ni n kò ní. Obìnrin yìí ni yóò di ọkàn mi. Tó bá di ọ̀la, ihò yìí á dàbí ẹnu ife. Tó bá di ọ̀túnla, kò ní í gbà ju ọmọ ìka lọ. Bí oòrùn ọ̀túnla bá sì ti wọ̀, òun náà ti di igi nìyẹn."

Ó wí báyìí tán, ó fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, ó sì rìn wọ Igbó Àwátì lọ. Àràbà ń rìn! Mo ti rí ìgalà tó wọ bàtà, mo ti rí ìjàpá tó ń fò, ẹ̀rù kò bà mí. Àmọ́ nígbà tí mo rí i tí igi ń gbé ìyàwó mi lọ tí mi ò lè dì í mú, mo ju àáké nù, mo pẹ̀yìn dà.

Ilé Làmídì agégi ni mo forí lé. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, òun nìkan ló sì ní ẹ́ńjìnnì ìgégi ládùúgbò wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́sẹ̀ náà, orí ẹní ló wà.

"Gbé ẹ́ńjìnnì lọ," ó ní. "Àmọ́ jókòó ná, kí n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn ọ́."

"Àwẹ̀ró wà nínú igi, o ní kí n jókòó!"

"Ó dára, gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré. Fún un ní epo dáadáa kó o tó fa okùn rẹ̀. Ó sì tún ku—"

Mo ti kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo dá a lóhùn láti ìta pé, "Ta ní ń kọ́ ọdẹ ní irin?" Ẹ ò rí i? Ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ pa ọdẹ kí ẹranko tó pa á.

Ó di ọjọ́ kejì kí n tó lé àràbà bá. Ipasẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro tọ̀, kòtò tí màlúù lè rì sí ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo débẹ̀, ihò ara igi ti kéré bí ẹnu ife. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Àwẹ̀ró dì mí lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ó ti ń le láti àtẹ́lẹsẹ̀ bọ̀."

Mo gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Làmídì ní kí n fún un ní epo. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Láti ayé baba ńlá wa, bí ọdẹ bá fẹ́ gbé irin tuntun lọ sójú ìjà, epo pupa ló ń ta sí i lẹ́nu, á ní, "Irin, jẹun, kí o má jẹ mí." Mo mú ìgò epo pupa tó wà lápò mi, mo ṣí ẹnu àkọ́kọ́ tí mo rí lára ẹ́ńjìnnì, mo dà á sí i tán porogodo. Mo sì súre sí i, ìwúre gígùn, irú èyí tí mi ò ṣe fún àwọn ọmọ mi.

Mo fa okùn. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ bí arúgbó tí ata há lọ́fun. Mo tún fà á. Ó tu èéfín funfun kan, ó dákẹ́. Mo fà á títí èjìká mi fi ń pariwo jù ú lọ.

Àràbà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ewé ń wọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ọdẹ, ṣé ẹ̀fọ́ lò ń sè sínú irin ni? Fi iyọ̀ sí i!"

Ó fa gbòǹgbò yọ, ó tún lọ. Ọwọ́ Àwẹ̀ró já kúrò lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sínú ipasẹ̀ igi, mo sunkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò bá tíì sunkún nínú igbó, igbó tó wọ̀ kò tíì jìn.

Òórùn ìpẹtà ni mo tẹ̀lé nígbà tí ojú mi là. Ó mú mi dé ìlú kan tí mi ò kọ́kọ́ rí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ òkú ló kún ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgégi, ẹ́ńjìnnì ìlọta, ti alùpùpù, gbogbo wọn jókòó síwájú ilé bí àgbààgbà. Ọ̀kan tí kò ní eyín kankan mọ́ ló wà lẹ́nu bodè. Ó wo ohun tó wà léjìká mi.

"Ta lo pa yẹn?"

"Mi ò pa ẹnì kankan."

"Irọ́ tí ẹni tó pa mí pa náà nìyẹn. Ìyẹ̀fun igi ló dí imú mi. Ọdún méjì gbáko, kò ṣí asẹ́ tí mo fi ń mí wò. Bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu ni mo ṣe kú."

Òmíràn tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Tìrẹ dáa. Èmi, ìgbà tí ara mi ṣì ń gbóná yoyo ni wọ́n da bẹntiróòlù sí mi. Èmi àti ẹni tó ni mí la jọ jóná."

Mo fẹ́ sá. Ibi tí mo yí padà sí ni mo ti kan obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Awẹrin. Òun ni olórí ìlú náà. Ọwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ohun tó sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ẹ̀yin ará, ìka ènìyàn ni. Ó gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀.

"Epo ọbẹ̀!" ó kígbe. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn ń dún bí agolo tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ní kí n fún un ní epo ni."

"Epo wo?"

Mo tọ́ka sí ìgò epo pupa tó wà lápò mi.

"Ẹni tí wọ́n ní kó fún ẹ̀rọ ní epo, tí kò béèrè pé epo wo, òun náà lo rí lọ́wọ́ ara rẹ yẹn. Jókòó. Mi ò ní í fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá sọ nǹkan di ìdọ̀tí ní í fọ̀ ọ́."

Ìnira dé bá mi, mo sì fẹ́ fi ìkòkò tábà tu ara mi nínú. Bí mo ti ṣá ìṣáná báyìí ni Ìyá Awẹrin gbá a dànù lọ́wọ́ mi. "Bẹntiróòlù wà níbí, o fẹ́ tan iná! Ṣé o fẹ́ kí n fi ọ́ sun iṣu ni?"

Mo da epo pupa kúrò nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Mo fi bẹntiróòlù ṣan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi sípánà tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó tutù rinrin bí adìẹ tí òjò pa. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ. Arúgbó ní kí n fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí n tó dá púlọ́ọ̀gì padà, kí èyí tó kù nínú ọ̀fun rẹ̀ lè jáde. Ó jáde, ó pọ́n lójú mi. Mo ṣí asẹ́ ìmí rẹ̀, mo gbọn ìyẹ̀fun Làmídì kúrò níbẹ̀, mo fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ha ojú ihò ọ̀pá tí ṣéènì eléyín rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí mo ti ń ṣe é ni ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. Ó ti le dé ibo báyìí? Ìtan ni? Àyà ni?

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, àwọn ẹ̀rọ òkú tò wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sunkún ẹ̀kán bẹntiróòlù kan sínú agolo, àwọn àgbà inú wọn sunkún ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Ìyá Awẹrin mì í pọ̀, ó ní kí n dà á sí ikùn ẹ́ńjìnnì.

"Tẹ́tí," ó ní. "Ìgbà kan ṣoṣo ni mò ń sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́: epo mẹ́ta, ẹnu méjì. Epo méjì pò pọ̀ ní ẹnu kan, ìkẹta dá jẹun ní tirẹ̀. Èkejì: kí o tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀, ṣí fìlà. Ìkẹta: má fi imú kí igi."

"Epo kẹta ńkọ́, Ìyá?"

"Kò sí ní ìlú òkú. Wá a níbi tí ẹ̀mí wà."

"Kí ni kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Ó fọwọ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. "Má da ara rẹ láàmú. Ohun tó bá jẹ́ tèmi mọ ọ̀nà ilé."

Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí nígbà tí mo rí àràbà. Ó ti dúró, ó ti ri gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Ihò náà kò gbà ju ọmọ ìka lọ. Mo fi ẹnu sí i.

"Àwẹ̀ró!"

Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ohùn kan wá, ó tín-ín-rín: "Ọwọ́ òsì mi nìkan ló kù tó ń gbọ́ tèmi."

Mo gbé ẹ́ńjìnnì sórí ilẹ̀ gbalasa, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa okùn. Ó bú! Ẹ̀yin ará, ó bú bí kìnnìún tó jí lójú oorun, ẹyẹ ilé ẹyẹ oko fò dìde. Mo fi lé ara igi, ìyẹ̀fun funfun ń tú jáde. Mo ní, "Àràbà, ẹ̀fọ́ ti jiná o, wá bù ú jẹ!" Ẹnu mi kò tíì pa dé tí ṣéènì fi fò yọ kúrò lára ọ̀pá. Ó ti dẹ̀ láti ilé, mi ò fọwọ́ fà á wò.

Ó wá rọ̀ sílẹ̀ lọ́rùn ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń kùn, ṣéènì ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ejò tí kò tíì kú tán. Ọgbọ́n orí mi ní kí n pa á. Ẹ̀rù ọkàn mi ní, bí o bá pa á tí kò jí mọ́ ńkọ́? Oòrùn ń lọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ arúgbó: kí o tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀, ṣí fìlà. Mo ṣí fìlà ọdẹ mi kúrò lórí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rẹ́rìn-ín, mo ti yọ̀ǹda ẹ̀rín fún yín. Mo tẹ́ fìlà sílẹ̀, mo tẹrí ba, mo ní, "Irin, mo júbà o." Mo sì ki ọwọ́ bọ ṣéènì.

Kò dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti yàtọ̀. Ìka náà wà nílẹ̀, ó tọ́ka sí mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú un, àgbìgbò kan fò sọ̀ kalẹ̀, ó ṣà á, ó sì gba ọ̀nà ìlú ẹ̀rọ òkú lọ.

Ìrora wá dé. Mo kígbe. Nínú igbe náà ni mo gbé ojú wo orí ẹ́ńjìnnì, mo rí rọ́bà dúdú kékeré kan tó dé orí púlọ́ọ̀gì gẹ́lẹ́ bí fìlà. Fìlà rẹ̀ ni! Fìlà rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi!

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ya fìlà mi, mo fi di ọwọ́. Mo fa fìlà ti púlọ́ọ̀gì yọ. Bí mo ti fà á yọ ni irin yẹn di òkúta, kò lè ṣèèṣì jí. Mo dá ṣéènì padà sínú ojú ọ̀nà rẹ̀, mo dè é títí ó fi wà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n dáadáa: kò há, kò dẹ̀. Mo fi fáìlì tí mo mú bọ̀ láti ìlú ẹ̀rọ òkú pọ́n eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta, síwájú nìkan, mi ò fà á bọ̀ wá sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sórí irin. Irin ti jẹ mí yó, ó wá ń gbọ́ràn.

Mo dé e ní fìlà, mo fà á, ó bú, ó wọ igi. Kò tíì wọlé tó ìwọ̀n ọwọ́ kan tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lára ọ̀pá. Ṣéènì pọ́n, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fi iyọ̀ ra ojú egbò rẹ̀. Mo tún pa á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ṣí i. Ó gbẹ táútáú. Epo kẹta! Epo tí ṣéènì fi ń yọ̀ lórí ọ̀pá! Mo gbé ìgò mi, mo gbọ̀n ọ́n. Mo ti dà á tán sí ẹnu tí kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Mo wo ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi, mo ronú bóyá òun náà lè ṣe é. Ẹ ò rí ibi tí mo bá ara mi? Oòrùn ti kan orí igi.

Mo jókòó, mo gbé orí lé ara igi.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi, kí lẹ ń wá?"

"Epo ni, Àwẹ̀ró. Epo ló pa wá."

Ó béèrè pé, "Epo wo?"

"Èyí tí irin fi ń yọ̀. Ohunkóhun tó bá ṣáà ń yọ̀."

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi," ohùn rẹ̀ ń tán lọ, "kí ni mo rù wọ inú igi yìí?"

Mo fò dìde. Mo gbọ́ bó ti ń fi ọwọ́ òsì kan ṣoṣo wọ́ kẹ́ẹ̀gì nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí ọmọrí rẹ̀ bọ́. Nígbà tó yá, fọ́nrán epo pupa kan yọ láti inú ihò náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí ara rẹ̀ ló fi ń fún un ní ooru láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ewé kókò gbà á. Mo dà á sí ẹnu kejì, mo nu èyí tó ta sílẹ̀, mo dé e pa.

Ṣéènì yọ̀! Ó ń lọ rẹrẹ bí ẹja nínú odò. Àràbà wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti di òótọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ọdẹ, fi ọkàn mi sílẹ̀ fún mi. O kò mọ bí òfo ṣe ń dun ni."

"Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta," mo ní. "Ọkàn tí a jí gbé kì í lù fún olè."

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Ohun kan ń sọ fún mi pé, ki imú ọ̀pá bọ ihò yẹn tààrà, á yá kíákíá. Ọwọ́ mi ti nà án. Má fi imú kí igi. Méjì nínú ọ̀rọ̀ arúgbó ni mo ti ṣì gbọ́, ìka kan ti lọ. Mo fà sẹ́yìn.

"Àwẹ̀ró, ibo ni orí rẹ wà?"

Ó kan igi gbà, gbà. Ẹ̀yìn ihò náà gẹ́lẹ́ ni iwájú orí rẹ̀ wà.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rí. Mo wo òkè bóyá ẹ̀ka gbígbẹ kan fẹ́ já lù mí, mo ro ẹ̀yìn mi kí n lè rí ọ̀nà bọ́ sí, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́, mo wá fi ikùn ọ̀pá gé e lókè orí rẹ̀, mo gé e lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni ń gé ilẹ̀kùn fún ilé tó ti wà kí ilẹ̀kùn tó dé. Mo bọ́ sẹ́yìn. Pákó náà wó lulẹ̀. Àwẹ̀ró bá a ṣubú gbì, ó le gbagidi. Bí ìmọ́lẹ̀ tó kẹ́yìn lára oòrùn ti kàn án lójú, ó mí. Èèpo igi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lára rẹ̀. Ó bọ́ ní ẹsẹ̀, ó bọ́ ní àyà, ó bọ́ lójú. Ní apá ọ̀tún nìkan ni kò ti bọ́ tán. Àwẹ̀ró, na apá rẹ sókè kí wọ́n rí i. Ẹ rí i? Tó bá di àsìkò òjò, ó máa ń rúwé kékeré kan níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń já a.

Nígbà tí mo gbé ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ Làmídì, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti gbọn asẹ́ rẹ̀, mo ti ṣí fìlà rẹ̀. Kò wo ọwọ́ mi rárá. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, o fún un ní epo dáadáa ṣá?"

Mo ní, "Epo wo?"

Ó wá sún fún mi lórí ẹní. Ó ní, "Jókòó, o ti ṣe tán láti kọ́ ọ."

Ẹnu mi rè é tí mò ń pa dé, ìtàn ti dé ilé, ó ti bọ́ bàtà. Àwẹ̀ró tún ti ń pè mí, ó ní ọbẹ̀ ti wà lórí iná, kí n wá gbé epo fún òun. Àwẹ̀ró, mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyí:

Epo wo?